Ẹnu Àlẹ̀mọ́

Eṣinṣin ló kọ́kọ́ mọ̀.

Ọjọ́ kejì tí àwo orin tuntun tí Eléjí kọ bọ́ sí ìgboro, Búrọ́ṣì yà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àwo, ó dúró lẹ́yìn gíláàsì, ó ń wo iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ bí abiyamọ ṣe ń wo ọmọ tó sùn. Àpò àwo méjìlá ni ọlọ́jà tò sójú fèrèsé. Eléjí méjìlá nínú ẹ̀wù funfun, lórí àga gíga, tí wọ́n ń dán, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Eṣinṣin sì wà lára gbogbo wọn. Wọn ò bà lé iwájú orí. Wọn ò bà lé ẹ̀wù. Wọn ò bà lé lẹ́tà aláwọ̀ góòlù tí Búrọ́ṣì fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko kọ. Ẹnu ni wọ́n bà lé, ẹnu nìkan. Wọ́n ṣù bò ó dúdú bíi pé ó hu irùngbọ̀n mọ́jú, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ra ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ jẹun.

"Anti Búrọ́ṣì, ẹ jọ̀ọ́," ọlọ́jà ké láti inú, "ṣé ṣúgà lẹ fi tẹ̀ ẹ́ ni? Mo ti lé wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀ yìí. Ẹ tún wá gbóòórùn ẹ̀ wò."

Búrọ́ṣì wọlé, ó gbé ọ̀kan sún mọ́ imú. Òórùn náà kò pariwo. Ó rọra ń bọ̀ ni, bí òórùn ẹja tí ẹnì kan gbàgbé sínú àpò ẹ̀wù. Ó gbé e sílẹ̀ kíá. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò kọjá eyín.

"Fáníìṣì tuntun tá a fi kùn ún ni," ó ní. "Atẹ́gùn á gbé e lọ."

Ìka tó fi kan ẹnu àwòrán náà ń yọ̀. Ó nù ún mọ́ síkẹ́ẹ̀tì. Ó tún nù ún. Títí tó fi rìn dé òpin òpópónà, ìka náà ṣì ń yọ̀.

*

Búrọ́ṣì kì í ṣe orúkọ àbísọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé tó ń ṣe àpò àwo ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí búrọ́ṣì kì í kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀, àfi bó bá fẹ́ wẹ̀. Òun ló ń yan fọ́tò, tó ń gé e, tó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, tó ń kọ lẹ́tà yí i ká, kí ẹ̀rọ tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Páálí tí wọ́n lẹ gbogbo iṣẹ́ mọ́ yìí ni wọ́n ń pè ní ìyá páálí, nítorí òun ló ń bí gbogbo ẹ̀dà, ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí Búrọ́ṣì máa ń sọ fún olórin tó bá ń ṣe fáàrí: "Ojú ló ń ra àwo. Etí kàn ń bá a gbé e délé ni."

Òun ló ṣe àpò àkọ́kọ́ fún Eléjí, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Nígbà yẹn, olórin náà kò ní ju ẹ̀wù kan tí bọ́tìnnì rẹ̀ ti já. Búrọ́ṣì mú un jókòó sórí àpótí, ó dá àpárá fún un, ó ní kí afọ́tò yà á bó ṣe ń bú sẹ́rìn-ín. Èjí náà hàn láàárín eyín òkè, bí ilẹ̀kùn tí olólùfẹ́ ṣí sílẹ̀ díẹ̀ fún ẹni tó ń retí. Àwọn tí kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí ra àwo náà nítorí ẹnu yẹn. Inú èjí yẹn ni orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pè é ti jáde. Búrọ́ṣì ní tirẹ̀ kó sínú rẹ̀ tọrùn-tọrùn, kò sì wá ẹni tó máa yọ òun.

Lẹ́yìn àwo tuntun yìí ni wọ́n máa ṣègbéyàwó. Eléjí ti kọ orin ọjọ́ náà sílẹ̀.

"Ní ìparí orin, n ó bi ọ́ ní ìbéèrè kan," ó sọ fún un, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ojú rẹ̀ rọ̀ bí òwú. "Ìwọ á wá dá mi lóhùn pé, Mo gbà. Ọ̀rọ̀ méjì péré. Má fi kọrin o. Mo mọ ohùn ẹ."

"Kí ló ṣe ohùn mi?"

"Ó dà bíi ti adìẹ tó rí ejò."

Ó fi ìrọ̀rí lù ú. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn.

*

Ní ọ̀sán ọjọ́ eṣinṣin yẹn, nígbà tí Búrọ́ṣì dé ilé Eléjí, gbogbo fèrèsé ló ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìyá Eléjí jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó fi etí ìborùn dí imú. Ìyá tó bí ọmọ, tó wá ń dí imú sí ọmọ!

"Ẹ káàsán, mà."

"Káàsán, ìyàwó mi. Wọlé, àmọ́ má mí púpọ̀."

Eléjí wà létí bẹ́ẹ̀dì, abọ́ kan wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó la ẹnu láti kí i. Ohun tó jáde dà bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ páálí lórí sìmẹ́ńtì. Ó wúkọ́. Ó tún wúkọ́, ó tẹ̀ síwájú, ó sì tu nǹkan sínú abọ́: okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń fà, tó ń dán, tí kò já títí ó fi fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á tán. Búrọ́ṣì mọ òórùn rẹ̀. Fáníìṣì ni. Fáníìṣì àti ẹja inú àpò ẹ̀wù.

Ó fẹ́ gbá a mọ́ra. Ìfẹ́ ní kó lọ, ikùn ní kó sá. Ó tì í lójú títí wọ egungun pé ikùn ló borí.

Ìyá Eléjí gbé àpò àwo tuntun, ó nà án jìnnà sí ojú. "Láti àná ni mo ti fẹ́ bi ọ́. Ta lẹ yà síbí?"

"Ọmọ yín ni, mà."

"Ọmọ tèmi léjí. Èmi ni mo bí i, mo mọ ohun tí mo bí. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín níbí yìí, ojú ọmọ mi ló gbé wọ̀. N ò mọ ẹni tó ni ẹnu."

*

Búrọ́ṣì mọ ẹni tó ni ẹnu. Òun gan-an ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Ẹ̀yìn-Àwo ló ni ín. Òun ni igbákejì Eléjí, tó ń gbe orin lẹ́yìn rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Lórí àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n jọ ṣe, ẹ̀yìn àpò ni fọ́tò tirẹ̀ máa ń wà, kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, láàárín orúkọ àwọn orin àti àdírẹ́sì ilé ìtẹ̀wé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ. Bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín ló máa ń rín: "Hìn-hín-hìn." Kì í bínú. Ẹni tí kì í bínú gan-an lèèyàn ń ṣọ́.

Kí wọ́n tó tẹ àpò àwo tuntun yìí, ó wá sídìí tábìlì Búrọ́ṣì tòun ti gálọ́ọ̀nù fáníìṣì kan. "Ẹ̀bùn tèmi fún ẹgbẹ́ nìyí. Bẹ́ ẹ bá tẹ àpò àwo tán, ẹ fi kùn ún, á máa dán bíi dígí. Àwọn èèyàn á máa fọwọ́ pa á, wọn ò ní mọ ìgbà tí wọ́n ń ṣe é." Ó wá gbára lé tábìlì. "Àti pé, Búrọ́ṣì mi, ayé ti yí o. Ọmọ àdúgbò lẹ yà lọ́jọ́sí. Ọba ni wọ́n ń rà báyìí. Ọba kì í jókòó sórí àpótí, ọba kì í ní àlàfo lẹ́nu. Dí ihò yẹn."

"Orúkọ ẹ̀ lẹ̀ ń pè ní ihò yẹn, bọ̀ọ̀dá."

"Orúkọ ẹ̀ ti wà nínú lẹ́tà góòlù. Òun fúnra ẹ̀ ló ní kí n sọ fún ọ pé ohun tó bá máa tà ni kó o ṣe."

Irọ́ ni, àmọ́ irọ́ náà jọ ohun tí Eléjí lè sọ. "Eyín ta ni n ó wá fi dí i?"

Nígbà náà ni Ẹ̀yìn-Àwo yọ fọ́tò kan láti inú àpò àyà. Ẹnu tirẹ̀ ni. Ẹ̀rín kan náà, ìmọ́lẹ̀ kan náà, ìwọ̀n kan náà géérégé. "Lo tèmi. Ṣebí ẹnu wa ló jọ ń ṣiṣẹ́."

Búrọ́ṣì fi abẹ gé ẹnu náà yípo, ó fi ṣóńṣó abẹ gbé e, ó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú olólùfẹ́ rẹ̀. Ó bá a mu wẹ́kú. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà. Ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá, ó ní kí ẹni tójú rẹ̀ bá mú jù wá fi ojú ìlẹ̀ hàn òun. Kò sẹ́ni tó rí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Pàtẹ́wọ́!

*

Lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé, nínú yàrá tí wọ́n kó òkúta ìtẹ̀wé àtijọ́ sí, ni Bàbá Olókùúta ń gbé. Kí ẹ̀rọ tó dé, òkúta ló fi ń tẹ àwòrán, oògùn tó sì mọ̀ pọ̀ ju íǹkì tó ti pò láyé rẹ̀ lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa yọ́ lọ bá a bí orí bá ń fọ́ wọn, tàbí bí ọ̀gá bá ń fi ojú kan wò wọ́n. Búrọ́ṣì gbé àpò àwo náà sí i lẹ́sẹ̀. Bàbá gbé e, ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó kọjú sógiri, ó bì.

"Bàbá!"

"Dákẹ́ ná." Ó nu ẹnu. "Ta ló fún yín ní nǹkan tẹ́ ẹ fi kùn ún?"

Ó sọ ọ́ fún un. Ó sọ ti ẹnu pẹ̀lú, ó rọra sọ ọ́, bí ọmọ tó fọ́ abọ́ ìyá rẹ̀.

Bàbá Olókùúta fi àpò náà dojú délẹ̀. "Ọmọ mi, ilé ni àwòrán. Ìwọ lo fi ọwọ́ ara ẹ ti onílé síta, o wá gba àlejò wọlé. Àlejò náà ò sì fọwọ́ òfo wá. Ẹ̀dà mélòó ló ti jáde?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, sà."

"Gbogbo ọwọ́ tó bá pa ẹnu yẹn, ẹ̀kán ohùn Eléjí kan ló ń fà yọ. Ohùn olóhùn ń jò lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni ẹnu." Kò ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. "N ò ní sọ ohun tó wà nínú fáníìṣì yẹn fún ọ, nítorí mo mọ̀ pé wàá ṣì fẹ́ jẹun lọ́la."

Ó fún un ní ọsàn wẹ́wẹ́ méje àti ìyẹ̀fun dúdú kan tó ní kó má fimú kàn. Kó fi ra ẹnu gbogbo àpò àwo tó kù nílé ìtẹ̀wé. Búrọ́ṣì ra wọ́n títí awọ ìka rẹ̀ fi bó. Bó ti ń ra wọ́n, ẹnu àwọn àwòrán náà ń hó yẹẹ, òórùn wọn ń gbá a lójú bí èéfín. Ó lè fi ohunkóhun búra pé ọ̀kan nínú wọn fi ahọ́n lá ìka rẹ̀.

*

Lọ́jọ́ kejì, Ẹ̀yìn-Àwo wọ ilé ìtẹ̀wé, ó fi áńkáṣíìfù bo ẹnu. Nígbà tó ṣí i díẹ̀ láti fi nu oje, Búrọ́ṣì rí i pé ètè rẹ̀ ti bó, ó wú bí ètè ẹni tí omi gbígbóná dà sí. Àmọ́ ohùn tó ti abẹ́ áńkáṣíìfù náà jáde mú kí gbogbo ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ dáwọ́ dúró. Ohùn tó dùn bí oyin. Ohùn Eléjí ni.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Búrọ́ṣì, ṣé dáadáa la jí?"

Ohùn tó máa ń pè é ní olólùfẹ́ mi, tó máa ń kùn sí i létí títí oorun á fi gbé e lọ, ló ń ti inú ẹran jíjẹrà kí i yìí.

"Dáadáa ni. Kí ló ṣe yín lẹ́nu, bọ̀ọ̀dá?"

"Tíì gbígbóná ni." Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìka Búrọ́ṣì tó bó. "Tìẹ náà ńkọ́? Kí ló ṣe ọ́ lọ́wọ́?"

"Kẹ́míkà ni."

"Hìn-hín-hìn. Kẹ́míkà. Rọra máa ṣe o. Iṣẹ́ yín ò fẹ́ ọwọ́ tó yá jù."

Nígbà tó lọ tán, Búrọ́ṣì jókòó láti ṣiṣẹ́. Omi tó fi ń fọ búrọ́ṣì wà nínú kọ́ọ̀bù bó ṣe fi í sílẹ̀. Ó ti búrọ́ṣì bọ inú rẹ̀. Nǹkan kan ró kó nísàlẹ̀. Ó da omi náà sílẹ̀, ohun tó yí jáde sórí tábìlì sì dúró síwájú rẹ̀: eyín ńlá kan, tòun ti ẹran tó ṣì rọ̀ mọ́ gbòǹgbò rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ìyá Eléjí pàdé rẹ̀ lójúde.

"Ọ̀kan já lónìí," ìyá náà sọ, ohùn rẹ̀ ti rọ. "Eyín ọ̀kánkán ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó kàn la ẹnu fún omi ni. A wá eyín náà títí, ìyàwó mi. A gbọn gbogbo aṣọ. A ò rí i."

*

"Ẹ̀yìn-Àwo ti mọ̀ pé a ti dìde sí òun," Bàbá Olókùúta sọ. "Ẹ̀dà la sì fi àsìkò wa bá jà. Ìyá ló yẹ ká dojú kọ. Níbo ni ìyá páálí wà?"

Búrọ́ṣì ti wá a títí. Ẹ̀yìn-Àwo ti gbé e lọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun fẹ́ fi ṣe ọ̀ṣọ́ ara ògiri.

"Á gbé e padà wá fúnra ẹ̀."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, sà?"

"Ohùn ti dọ́wọ́ ẹ̀, ojú ló kù. Olè wo ló máa jí ẹ̀wù tí kò ní wọ̀ ọ́ jáde? Á fẹ́ kó o gbé ẹnu yẹn kúrò lójú Eléjí, kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú tirẹ̀, níwájú àpò, kí gbogbo ayé rí i. Bó bá fi lè wọ ẹ̀rọ, ó parí. Ọkọ ẹ ò ní lò tó ọ̀sẹ̀ kan." Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Abẹ lo fi gbé e wọlé, abẹ ò lè gbé e jáde mọ́. Eyín ẹ ni kó o fi já a. Má fọwọ́ kàn án. Kó o wá tu ú sínú ásíìdì tá a fi ń fọ irin, kó kú síbẹ̀."

"Ẹnu tèmi yìí, sà?"

"Ẹnu ta ni tẹ́lẹ̀? Ẹni bá lẹ̀ ẹ́ ló ń tú u." Ó gbé ìka kan sókè. "Má gbé e mì o. Bí òrùlé bá ń wó lé ọ lórí, má gbé e mì. Ohun tó bá gba ọ̀fun wọlé, ọ̀fun ló máa fi ṣe ilé."

*

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí Ẹ̀yìn-Àwo fi dé, tòun ti ìyá páálí lábẹ́ apá. Ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó na ẹsẹ̀. Ètè rẹ̀ ti jinná, ó tún tóbi sí i, ó ń dán. Eṣinṣin mẹ́ta bá a wọlé. Kò lé wọn.

"Èmi nìkan ni mo fẹ́ ṣe àwo báyìí, Búrọ́ṣì. Eléjí ò lè kọrin mọ́, ó mà ṣe o. Iwájú ni mo fẹ́ wà. Kí ojú mi kún inú àpò láti etí dé etí. Ẹ̀yìn àpò, ẹ má fi ẹnikẹ́ni síbẹ̀."

"Àwọ̀ wo lẹ fẹ́?"

"Pupa. Pupa bí inú ẹnu."

"Ẹ̀wù ńkọ́?"

"Ẹ̀wù funfun Eléjí. Àga gíga rẹ̀ náà. Ohun gbogbo tó bá wọ̀ ọ́, á wọ̀ mí." Ó fi èékánná kan ẹnu tó wà lára ìyá páálí. "Ẹnu yìí ni kó o gbé sí i o, kì í ṣe èyí tó wà nínú fọ́tò mi tuntun. Eléyìí ti dàgbà. Àwọn tó ń ra àwo ti mọ̀ ọ́n."

Lóòótọ́ ló ti dàgbà. Gọ́ọ̀mù tí Búrọ́ṣì fi tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́jọ́sí ti wú lábẹ́ rẹ̀, ó ti pọ́n, ó ń sun bí egbò tó gba ọyún. Àárín ètè náà tutù.

"Ẹ fi í sílẹ̀, bọ̀ọ̀dá. Mo máa bẹ̀rẹ̀ lónìí."

"N ò ní jìnnà." Ó dìde. "Mo wà níta, mò ń retí ẹ."

*

Nígbà tí aago oúnjẹ ọ̀sán dún, ẹ̀rọ dákẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ tú jáde. Ilé ìtẹ̀wé tí ẹ̀rọ rẹ̀ dákẹ́ dà bí àyà tó dáwọ́ ìmí dúró. Búrọ́ṣì gbé ìgò ásíìdì sórí fèrèsé, ó ṣí ìdérí rẹ̀. Ó ronú kan àpótí yẹn, àti bọ́tìnnì tó já, àti ẹ̀rín tó bú lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó tẹ̀ ba lórí páálí náà, bí ọmọbìnrin tó fẹ́ fi ẹnu ko ẹni tó fẹ́ràn lẹ́nu. Ojú Eléjí ń wò ó. Ó di ojú tirẹ̀.

Ètè àwòrán náà gbóná.

Ó fi eyín wá etí ibi ìlẹ̀, ó rí i, ó gé e. Gọ́ọ̀mù tú sí i lẹ́nu, ó nípọn, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó dùn díẹ̀, adùn tó burú ju ìkorò lọ. Ó fà. Nǹkan náà kò fẹ́ já; ó ń fà bí awọ ẹran. Ó mọ̀ ọ́n lórí ahọ́n rẹ̀ pé ó ń mira. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ikùn rẹ̀ ń kọ̀ ọ́, ó ń rọ ọ́ pé kó tu ú dànù, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí ìfẹ́ kò gbà fún ikùn. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì já, pẹ̀lú ìró bíi ti ìfẹnukonu.

Ó yíjú sí ìgò.

"Búrọ́ṣì."

Ẹ̀yìn-Àwo ti wọlé. Ó dúró láàárín Búrọ́ṣì àti fèrèsé tí ásíìdì wà. Búrọ́ṣì fi àyà bo ihò tó wà lójú páálí.

"Kí lò ń ṣe? Nǹkan ta mí lẹ́nu níta."

Ẹnu Búrọ́ṣì kún. Nǹkan náà ń yí po lẹ́yìn eyín rẹ̀, ó ń wá ọ̀nà.

"Mo ní kí lò ń ṣe? Ṣé kò sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ ni?" Ó gbé ìṣísẹ̀ kan. Ó gbé èkejì. "Yanu. Yanu kí n wò ó."

Bó bá tu ú sílẹ̀, kì í ṣe inú ásíìdì ló máa bọ́ sí. Ọwọ́ oní-nǹkan ló máa padà sí, Eléjí á sì kú sórí abọ́ yẹn. Bó bá pa ẹnu dé, á fi ipá là á. Búrọ́ṣì rí èjí náà lọ́kàn rẹ̀, kedere, ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ díẹ̀.

Ó gbé e mì.

Ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fi ìgúnpá sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó wá la ẹnu gbàgàdà.

"Ẹ wò ó. Oúnjẹ ọ̀sán ni mò ń jẹ, bọ̀ọ̀dá."

Ẹ̀yìn-Àwo wo inú rẹ̀. Ó la ẹnu tirẹ̀ láti fi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kò jáde. Ó tún gbìyànjú, afẹ́fẹ́ ni. Ó gbé ọwọ́ kan ètè, eyín kan bá ọwọ́ náà jáde. Òmíràn tẹ̀ lé e. Wọ́n ń já sílẹ̀ bí àgbàdo tí wọ́n ń yìn, wọ́n ń ró lórí sìmẹ́ńtì, ẹ̀jẹ̀ tó bá wọn bọ̀ nípọn, ó ń dán, fáníìṣì ló ń rùn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó sá jáde. Eṣinṣin gbéra lára gbogbo fèrèsé, wọ́n tẹ̀ lé e lọ, bí ìgbà tí ọmọdé ń sá tẹ̀ lé ọkọ̀ ìyàwó.

*

Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, Eléjí ké "Màámi!" láti inú yàrá, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara bí omi orí àpáta. Ìyá rẹ̀ sọ ìborùn nù, ó gbá a mọ́ra, ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó bú u.

Búrọ́ṣì ṣe àpò tuntun. Kò sí ẹ̀wù funfun mọ́, kò sí àga gíga, kò sí fáníìṣì. Fọ́tò àtijọ́ yẹn ni: àpótí, bọ́tìnnì tó já, èjí. Ó gbé e sí i láìfi abẹ kàn án. Ọlọ́jà tò ó sójú fèrèsé, eṣinṣin kan kò yà síbẹ̀, wọ́n sì rà á tán kó tó di ọ̀sán. "Ẹni tá a mọ̀ nìyí," ni gbogbo wọn ń wí.

Bàbá Olókùúta ránṣẹ́ pè é. "O tu ú sínú ásíìdì?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀?"

Ó na ìka sí ọ̀fun, ó fojú ṣe pé ó ń dun òun. Ohun tó ń ṣe fún gbogbo ayé láti ọjọ́ mẹ́sàn-án nìyẹn. Ó ń kọ ọ̀rọ̀ sórí ìwé fún Eléjí, Eléjí sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé adìẹ òun ti lọ sinmi, pé ejò ti kọjá. Ó ń rẹ́rìn-ín sí i, láìya ètè. Ó ti fi iyọ̀ fọ ẹnu, ó ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, ó ti fi búrọ́ṣì fọ̀ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi dé. Adùn yẹn kò lọ.

*

Wọ́n ṣègbéyàwó ní pálọ̀ ìyá Eléjí, lọ́sàn-án, fèrèsé ṣí, òdòdó wà lórí tábìlì. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé wà níbẹ̀ pẹ̀lú íǹkì léèékánná wọn. Eléjí dúró níwájú ìyàwó rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì kọ orin náà. Ohùn yẹn! Àwọn obìnrin ń nu ojú. Gbogbo ohun tí Búrọ́ṣì fi ẹnu rẹ̀ rà ló ń ṣàn jáde láàárín eyín méjì náà, kò sì kábàámọ̀.

Orin dé ìparí. Ìbéèrè dé.

"Ṣé wàá bá mi dé òpin?"

Búrọ́ṣì mi orí pé òun gbà.

"Rárá o," Eléjí ní, ó ń rẹ́rìn-ín, èjí rẹ̀ ń wò ó. "Ọ̀rọ̀ méjì la jọ sọ. Bó bá tilẹ̀ rí bíi ti adìẹ, olólùfẹ́ mi, mo fẹ́ gbọ́ ọ."

"Dá a lóhùn, ìyàwó mi," ìyá rẹ̀ sọ. "Má tijú wa."

Ojú Eléjí kún fún ìfẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Búrọ́ṣì fi rò pé ìfẹ́ náà lè gbé ohunkóhun. Ó la ẹnu.

"Mo gbà."

Ohùn ọkùnrin ni. Ohùn tó ti ń gbe orin lẹ́yìn Eléjí láti àwo àkọ́kọ́, tí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n nínú yàrá náà. Kí Búrọ́ṣì tó pa ẹnu dé, ẹ̀rín ti tẹ̀ lé e jáde fúnra rẹ̀.

"Hìn-hín-hìn."

Eṣinṣin kan gbéra lára aṣọ fèrèsé, ó fò kọjá òdòdó, ó fò kọjá orí gbogbo àlejò, ó bà lé ètè ìyàwó, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́.

Búrọ́ṣì kò lé e. Ọwọ́ Eléjí tó wà nínú ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Ó rí i bí ọwọ́ náà ṣe ń tú ìka rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó dìde, tó sì lọ dí imú.